Kí ló dé tí wọ́n fi ń yá páílọ́ọ̀tì láti òkèèrè lásìkò ọdún, tí ọmọ tiwa sì jókòó sílé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì, ó parí, ó gba láísẹ́ǹsì, ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tó ń bá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ní Dìsẹ́ńbà tó kọjá mo wọ bàálù láti Àbújá wá sí Ìlọrin, ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ láti iwájú, òyìnbó ni. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń pín omi, ó ní ṣe ni wọ́n yá bàálù náà tòun tàwọn tó ń wà á nítorí ọdún. Ṣé kò sí páílọ́ọ̀tì nílẹ̀ wa ni? Ṣé ó dáa kéèyàn fi ẹ̀mí ẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́? Kí wá ni kí ọmọ mi ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú owó tẹ́ ẹ ná sórí ọmọ yẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré, kò sóbìí tó ń rán ọmọ níléèwé páílọ́ọ̀tì tí ò ta nǹkan tàbí kó jẹ gbèsè. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí bàálù, kì í ṣe pé mo wà á o, èmi ni mò ń to iṣẹ́ fáwọn tó ń wà á: ta ló ń lọ Kánò láàárọ̀, ta ló ń sùn sí Port Harcourt, ta ni wákàtí ẹ̀ fẹ́ tán, ta ló gbọ́dọ̀ lọ sinmi lónìí, bí ọ̀gá ń pariwo bí ọ̀gá ò pariwo. Torí náà ìbéèrè yín, àárín gbùngbùn iṣẹ́ tí mo ṣe ló bọ́ sí.

Páílọ́ọ̀tì wà nílẹ̀ wa, wọ́n wà dáadáa. Ẹni tí kò tó ni páílọ́ọ̀tì tó mọ irú bàálù tí wọ́n fẹ́ lò yẹn gan-an, tí wákàtí ẹ̀ ṣì kù nílẹ̀, tí àyẹ̀wò ẹ̀ ò tíì kọjá ọjọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà tí gbogbo èèyàn fẹ́ wálé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín náà wà.

Ẹ jẹ́ n mú ti wákàtí. Òfin ò gbà kí páílọ́ọ̀tì máa fò bó ṣe wù ú. Ní Yúróòpù, kò gbọ́dọ̀ fò ju 100 wákàtí lọ láàárín ọjọ́ 28, láti January dé December kò sì gbọ́dọ̀ ju 900 lọ. Ní Amẹ́ríkà, 1,000 ni láàárín ọjọ́ 365. Tiwa náà ní ààlà tiẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀ bá a ṣe máa ń ṣe é nídìí iṣẹ́. Ká ní bàálù kan ń fò wákàtí 12 lójúmọ́ nígbà ọdún, láàárín ọjọ́ 28 ìyẹn jẹ́ 336. Ẹnì kan ò lè fò ju bíi 80 lọ nínú ẹ̀ kó má tíì rẹ̀ ẹ́ jù, òfin gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́ àmọ́ ara kì í ṣe òkúta. Tẹ́ ẹ bá pín in, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó lé ní ìṣọ̀wọ́ mẹ́rin, ọ̀gá àti igbá kejì ẹ̀ ló sì ń jẹ́ ìṣọ̀wọ́ kan, ẹ wá fi ti ẹni tí ara ẹ̀ ò yá kún un, ẹni tó lọ sí àyẹ̀wò, ẹni tí ìyàwó ẹ̀ bímọ, ó di ìṣọ̀wọ́ márùn-ún, èèyàn mẹ́wàá nídìí bàálù kan ṣoṣo. Ẹ padà wá wò ó ní February. Bàálù kan náà, bóyá wákàtí méje lójúmọ́ ló ń fò, ìṣọ̀wọ́ mẹ́ta ti tó o. Àwọn mẹ́rin tó kù ńkọ́? Owó oṣù wọn ń lọ, sìmúlétọ̀, ẹ̀rọ tó dà bí iwájú bàálù tí wọ́n fi ń dán wọn wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ìyẹn náà ń gbowó, òfin sì tún ní ẹni tí ò bá gbé bàálù sókè kó sì gbé e balẹ̀ ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, kò gbọ́dọ̀ kó èrò títí á fi ṣe é. Páílọ́ọ̀tì tó jókòó, ìmọ̀ ẹ̀ ń dógùn-ún, bí ọkọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú òjò.

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan. Ọdún Kérésì ku ọjọ́ mẹ́ta, ọyẹ́ ti dé, ọyẹ́ tó mú gan-an, ẹ ò lè rí ilé tó wà níwájú yín. Nínú ọ́fíìsì wa ní Èkó, pátákó funfun kan wà lára ògiri, orúkọ gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, mò ń fi bírò pupa kọ wákàtí tó kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ ẹ̀. Káfúténì kan wà tó ti dé ẹnu iṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀, Ìlọrin ló ń lọ, Ìlọrin ò là. Ó jókòó sí yàrá ìdúró pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń wo fóònù, a ò fò rárá, àmọ́ àkókò iṣẹ́ ẹ̀ ń lọ, torí kì í ṣe ìgbà tí táyà kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á o, ìgbà tó dé ẹnu iṣẹ́ ni. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ìlọrin là. Mo wo pátákó, mo wo aago, mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: tó bá lọ, kò ní lè padà kí àkókò ẹ̀ tó tán. Àwọn èrò ti ń pariwo nísàlẹ̀, ìyá kan gbé kúlà oúnjẹ ìgbéyàwó dání látàárọ̀, mo rí i látojú wíńdò. Ọ̀gá mi wọlé, ó ní ṣé mi ò lè bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Mo lọ bá káfúténì náà, ó ní, "Alàgbà, tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ, àmọ́ ojú ń yún mi látàárọ̀." Mo nu orúkọ ẹ̀ kúrò lórí pátákó. Bàálù yẹn ò lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá yẹn ṣépè fún wa, mi ò sì bínú sí i. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé iṣẹ́ wa kọ́kọ́ yá bàálù àti páílọ́ọ̀tì láti òkèèrè, torí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ nǹkan yìí tẹ́lẹ̀, àáró ni. Tíṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, àwọn bàbá wa á dá àáró, lónìí gbogbo wa á ro oko tèmi, lọ́tùnla a ó ro tìẹ, kò sẹ́ni tó ń sanwó fẹ́nì kan, ọjọ́ ni wọ́n fi ń san ọjọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù kan nílẹ̀ òkèèrè ṣe é gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, ìgbà òtútù ni àwọn tó ń gbáfẹ́ pọ̀ jù, wọ́n ń sá fún yìnyín lọ sí Mẹ́síkò àti Kúbà níbi tóòrùn wà. Ní Britain, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ni, láti June dé September, gbogbo wọn fẹ́ lọ sétí òkun ní Spain àti Greece. Ìgbà tọ́wọ́ ọ̀kan dí gan-an lọwọ́ èkejì dilẹ̀. Sunwing ti Kánádà àti TUI ti Yúróòpù wá ń ràn ara wọn lọ́wọ́, TUI tiẹ̀ ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú Sunwing láyé ìgbà yẹn, bàálù àti páílọ́ọ̀tì ń ti Yúróòpù lọ sí Kánádà nígbà òtútù, ti Kánádà ń lọ sí Yúróòpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé irú bàálù kan náà ni wọ́n ń lò, Boeing 737-800. Ọkọ́ kan náà ni gbogbo wọn mú wá sóko.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, igbe tẹ́ ẹ ń ké yìí, àwọn páílọ́ọ̀tì Kánádà náà ké e. Ní nǹkan bí 2013, ẹgbẹ́ wọn jáde, wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi ń kó àlejò wọlé nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń wáṣẹ́, ìjọba sì mú òfin le sí i. Nígbà tó wá di Dìsẹ́ńbà 2022, Sunwing ní àwọn fẹ́ gba páílọ́ọ̀tì 63 wọlé fún ìgbà òtútù, ìjọba ò gbà, ìjì yìnyín tún dá kún un, ọ̀pọ̀ èèyàn há sí Mẹ́síkò lásìkò Kérésì, àwọn mìíràn ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tó di January wọ́n fagi lé gbogbo bàálù tó yẹ kó gbéra ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan títí wọnú February. Èmi ò ní sọ pé ẹ̀bi ìjọba ni, ilé iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ẹni tó máa wa bàálù ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kí àlejò má wọlé mọ́ láti òní lọ, kì í ṣe ọmọ yín ni wọ́n máa gbé síbẹ̀ lọ́la, èrò ló máa jókòó sílẹ̀.

Ohun tiwa wá nìyí, ó sì ń dùn mí. Ohun tí à ń ṣe ní Nàìjíríà kì í ṣe àáró. Háyà ni. Bí ẹni tó háyà bọ́ọ̀sì tòun ti dẹ́rẹ́bà fún ìnáwó ní Ọ̀yọ́ ni, epo lọ́wọ́ ẹ̀, ìtọ́jú mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ oníbọ́ọ̀sì. Wet lease ni wọ́n ń pè é: ẹni tó ni bàálù á mú bàálù wá, á mú àwọn tó ń wà á wá, á máa tún un ṣe, á san owó ìbánigbófò, ilé iṣẹ́ tiwa á ra epo, á san owó ìbalẹ̀, á sì máa sanwó wákàtí kọ̀ọ̀kan ní dọ́là, wọ́n sì máa ń fi iye wákàtí kan sínú ìwé pé bẹ́ ẹ fò ó bẹ́ ò fò ó, ẹ̀ẹ́ san án. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, Avion Express ti Lithuania jẹ́ ọ̀kan, wọ́n ní ẹ̀ka ní Malta, wọ́n tún dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Bràsíl, torí nígbà tí òtútù bá ń mú ní Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀rùn ló wà ní Bràsíl. Wọ́n ń tẹ̀ lé oòrùn kiri.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá tún lọ sí pápákọ̀ Ìlọrin, ẹ wo ara bàálù lápá ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ́ rí lẹ́tà kan. Tó bá jẹ́ 5N, ọmọ Nàìjíríà ni. 9H, Malta. LY, Lithuania. ZS, South Africa. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ òfin ta ni páílọ́ọ̀tì yẹn wà lábẹ́ ẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní 1944, Article 32 ẹ̀ sọ pé láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ bàálù náà sílẹ̀ wá, tàbí kí orílẹ̀-èdè yẹn fọwọ́ sí èyí tó ní. Kì í ṣe ilẹ̀ tí bàálù ń fò lórí ẹ̀ ni wọ́n ń wò o, lẹ́tà ìdí ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yá odindi bàálù dípò kí wọ́n yá páílọ́ọ̀tì nìkan. Tí àlejò kan ṣoṣo bá fẹ́ wá wa 5N, àwọn NCAA wa, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, á ní láti kọ̀wé sílé ẹ̀ bóyá òótọ́ ni láísẹ́ǹsì ẹ̀, wọ́n á wo ìwé dókítà ẹ̀, wọ́n á wo wákàtí ẹ̀, ìyẹn sì lè pẹ́. Tó bá jẹ́ bàálù 9H pẹ̀lú àwọn tó máa ń wà á tẹ́lẹ̀, NCAA á fọwọ́ sí ìyálò náà, páílọ́ọ̀tì á máa lo láísẹ́ǹsì ilé ẹ̀ lọ. Ìdí kan náà nìyẹn tí wọn ò fi lè gbé ọmọ yín jókòó sínú ẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ìwé ẹ̀ ò bá lẹ́tà yẹn mu.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò ní Tamale àti Kumasi, àwọn míì bímọ síbẹ̀, kọ́lé síbẹ̀, ní November 1969 ìjọba Ghana ní kí ẹni tí ò bá níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn náà ni, wọ́n padà wálé pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè gbé. Owó kì í ṣe ohun tí wọ́n béèrè, iṣẹ́ tó mọ́ wọn lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n wò, ìwé ni. Lónìí, ẹni tó gba láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì ní Malta lè lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 31 tó wà lábẹ́ òfin bàálù Yúróòpù láì tún kọ ìdánwò kankan. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì wọn, ìdánwò tó ju mẹ́wàá lọ ló ń dúró dè é, bó ti wù kí ọdún tó ti fi wa bàálù pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún bá parí tí iṣẹ́ wa dínkù, kì í pẹ́ tí Yúróòpù fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. A ní nǹkan tá a lè fi dá àáró. Kò kàn séyìí tó gba ọwọ́ wa ni, àwọn tó bá sì gbìyànjú títí tí wọ́n rí ọ̀nà lọ sí Qatar tàbí Dubai, wọn kì í padà wá ní Dìsẹ́ńbà láti wá ro oko tiwa.

Ó wá ku ti ìbẹ̀rù yín. Mi ò ní tàn yín. Kì í ṣe àlejò ló yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, àwọn tí wọ́n ń yá yẹn, iṣẹ́ wọn ni láti máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, púpọ̀ nínú wọn dáńtọ́. Ohun tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù ni ìkánjú. Ní Júláì 11, 1991, lẹ́yìn Hajj, bàálù DC-8 kan gbéra ní Jẹ́dà, Sókótó ló ń kó àwọn alálàájì wa bọ̀. Nigeria Airways ló yá a lọ́wọ́ Nationair ti Kánádà, páílọ́ọ̀tì àti gbogbo òṣìṣẹ́ inú ẹ̀ 14, ará Kánádà ni wọ́n. Àwọn mẹ́káníìkì ti rí i lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú pé afẹ́fẹ́ táyà kan ò tó. Afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ ò sí nítòsí. Tí wọ́n bá dúró wá a, bàálù á pẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti ń pẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà ò fẹ́ kó pẹ́ sí i. Wọ́n lọ. Bí bàálù ṣe ń sáré lórí pápá, táyà gbóná, ó bẹ́, ó gbiná, àwọn tó wà níwájú ò mọ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù sínú, iná wọlé tẹ̀ lé e. Èèyàn 261, kò sẹ́nì kan tó yè. Alálàájì 247 tó ti ṣe Hajj tán. Nígbàkigbà tẹ́nì kan bá sọ fún mi nídìí pátákó yẹn pé ká kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé èrò pọ̀, táyà yẹn ni mo máa ń rántí. Ẹ wò ó, kò sí ohun tí àwọn páílọ́ọ̀tì yẹn ò mọ̀ nípa DC-8. Ẹni tó yẹ kó sọ pé rárá ni kò sí níbẹ̀, tàbí tó wà níbẹ̀ tí wọn ò gbọ́ tiẹ̀. Tí bàálù bá jẹ́ ti Kánádà, tí èrò jẹ́ ti Nàìjíríà, tí pápákọ̀ jẹ́ ti Saudi, ta ló ń bojú tó táyà? Gbogbo wọn ni. Ohun tó bá sì ti di ti gbogbo èèyàn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Èyí tó sún mọ́ wa, tí kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run: ní November 26, 2023, bàálù kan tí wọ́n yá pẹ̀lú páílọ́ọ̀tì òkèèrè gbéra ní Èkó, Àbújá ló ń lọ, Asaba ló balẹ̀ sí, wọ́n sì kí àwọn èrò káàbọ̀ sí Àbújá. NCAA dá ìyálò yẹn dúró. Èmi ò sí nínú bàálù yẹn, àmọ́ mo mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí ìwé ìrìn bàálù bá ń ti ọ́fíìsì kan wá, tí páílọ́ọ̀tì ń ti ilé iṣẹ́ mìíràn wá. Páílọ́ọ̀tì wa tó ń lọ Àbújá lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá gbé ìwé Asaba fún un, á bú yín. Àlejò á rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ ilẹ̀ kan máa wà pẹ̀lú wọn, ó kéré tán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó jókòó sẹ́yìn wọn, kó máa sọ fún wọn pé ọyẹ́ Ìlọrin kì í ṣe kùrukùru Yúróòpù, kì í fìgbà gbogbo kúrò tí oòrùn bá là.

Ẹ tún fi ti Hajj kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yín ń lọ. Hajj máa ń sún síwájú bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ní 2025 ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ June, ìgbà tí Yúróòpù náà ti ń kó gbogbo bàálù tó wà nílẹ̀. Bó ṣe ń sún lọ sí April àti March láwọn ọdún tó ń bọ̀, á bọ́ sígbà tọ́wọ́ wọn dilẹ̀, á sì rọrùn láti rí bàálù àti páílọ́ọ̀tì tó dáa yá. Ẹni tó ń to ètò Hajj tí kò bá tètè mọ ìyẹn, á máa sanwó tí kò yẹ kó san.

Ti ọmọ yín wá. Láísẹ́ǹsì tó ní, wákàtí tó lé díẹ̀ ní 200 ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àbí? Káfúténì gbọ́dọ̀ ní 1,500 kó tó gba láísẹ́ǹsì ńlá. Àwọn tí wọ́n ń yá wá ní Dìsẹ́ńbà, káfúténì àti igbá kejì tó ti mọ bàálù yẹn látinú dé ìta ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ fúnni yá. Torí náà wọn ò gba àyè ọmọ yín gan-an, àyè tó máa di tiẹ̀ lọ́dún márùn-ún sígbà tá a wà yìí ni wọ́n ń gbà, torí ilé iṣẹ́ tó mọ̀ pé òun lè yá ní Dìsẹ́ńbà ò ní kọ́ ọmọ ilẹ̀ ní March. Ibẹ̀ ni ìbínú yín ti tọ̀nà. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń fọwọ́ sí ìwé ìyálò, bàálù kan tẹ́ ẹ bá yá, ẹ̀ẹ́ fi orúkọ ọmọ ilẹ̀ méjì hàn mí tẹ́ ẹ ń kọ́ lọ́wọ́, kí n tó fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ́ sì fi wọ́n hàn mí lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ san owó type rating láti àpò ara ẹ̀ báyìí. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ irú bàálù kan pàtó, ó lè ju 20,000 dọ́là lọ, mo sì ti rí ọmọ tó san án fún Boeing 737, tí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ wá sọ pé ATR, irú bàálù mìíràn, lòun ń lò. Kí lẹ́tà ilé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ná. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bà jẹ́ ni ìwé dókítà ẹ̀, Class 1, àti ìdánwò fífò nínú ìkùukùu, torí ẹni tó bá pe páílọ́ọ̀tì síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lónìí ò ní dúró dè é kó lọ tún ìwé ṣe. Tó bá lè rí ọ̀nà di olùkọ́ níléèwé páílọ́ọ̀tì, bóyá ní Zaria tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti 1964 tàbí ibòmíì, kó lọ, ọ̀nà tó dáa jù ni láti kó wákàtí jọ láì sanwó. Tí ìyẹn ò bá sí, kó gba láísẹ́ǹsì dispatcher, kó wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń to ìrìn bàálù. Owó ẹ̀ ò pọ̀. Àmọ́ méjì nínú àwọn tó jókòó níwájú bàálù tí mò ń to iṣẹ́ fún kẹ́yìn, inú ọ́fíìsì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, nítorí nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, ẹni tí ọ̀gá ń rí lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ pè. Kó má jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe pé ṣọ́ọ̀bù burú, ọdún mẹ́ta láì fò ni ìwé ẹ̀ máa fi hàn.

Mo wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ẹ ní kó wá rí mi lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, kó mú lọ́gíbúùkù ẹ̀ dání àti gbogbo ìwé sìmúlétọ̀ tó bá ní, èyí tó ti ya náà kó mú un wá. Màá kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó fò kẹ́yìn, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.